Májèlé Tó Bọ̀wọ̀ fún Àgbàdo

Ewé tòmátì inú ọgbà náà ti kákò bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ jà. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Abẹ́rẹ́ lóṣòó tì í, ó fi ìka méjì tẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ewé náà sì tún kákò padà. Kò gbẹ, kò pọ́n, etí rẹ̀ kò jó. Ó tutù, ó kàn lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀ tán tí wọn kò sá ni.

Ebè mẹ́fà ló wà nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé yìí. Lórí márùn-ún nínú wọn, tòmátì lọ́, ata lọ́, ọ̀mùnú ẹ̀wà tilẹ̀ ti tẹ̀ bí ìkọ́. Àgbàdo tí wọ́n gbìn sáàárín wọn nìkan ló dúró ṣánṣán tó ń dán, bí ẹni tí kò gbọ́ pé nǹkan ṣe àwọn ará ilé rẹ̀. Lórí ebè kẹfà, èyí tó fẹ̀yìn ti ògiri, kò sí nǹkan kan tó ṣe tòmátì. Ó so wọ̀ǹtìwọnti.

Ebè kẹfà yìí gan-an ni Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá tó bá a wá ń nàka sí. Ó ní ti afurasí fúnra rẹ̀ nìyẹn, òun nìkan ló ń tọ́jú rẹ̀, òun nìkan náà ló sì dá sí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n máa fún ní ìgbéga kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Wọ́n ń pe obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà ní Abẹ́rẹ́ nítorí pé ó tínrín, àti nítorí pé ibi tó bá ti gún èèyàn, ẹ̀jẹ̀ á yọ níbẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Inú máa ń tètè bí i, kì í sì í fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yìí, inú ti ń bí i kó tó mu tíì, torí pé Sájẹ́ǹtì ti ti obìnrin kan mọ́lé láti àná láìbi í ní ìbéèrè tó ju mẹ́ta lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Màmá Tíṣà ló ni ilé yìí, arúgbó ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọkùnrin méjì ni wọ́n bí. Ẹ̀gbọ́n ń ta táyà. Àbúrò kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó fi ìyàwó kan àti ọmọbìnrin ẹni ọdún méje sílẹ̀ sínú yàrá méjì tó wà nísàlẹ̀. Gbogbo ilé ló ń pe obìnrin náà ní Ìyàwó, títí dé orí ẹni tó ń gbé lẹ́tà wá. Ọgbà yìí ló ń ro, ewébẹ̀ inú rẹ̀ ló ń tà tó fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Oní-táyà fẹ́ fi ilẹ̀ ọgbà náà kọ́ ilé ìkẹ́rù-sí. Ní agogo mẹ́rin ọ̀sán òní, àwọn ẹbí máa jókòó ní pálọ̀, wọ́n sì máa ní kí Ìyàwó kó ẹrù rẹ̀ jáde, torí pé ẹni tó bá fi májèlé sínú ọgbà ìyá ọkọ kò yẹ ní ẹni tó ń bá wọn gbélé.

Abẹ́rẹ́ gbójú sókè. Wọ́n ti fa aṣọ bo fèrèsé yàrá Màmá Tíṣà lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, nínú ooru báyìí. Irin tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò òdòdó dúró wà lábẹ́ fèrèsé náà, kò sí ìkòkò nínú rẹ̀. Ó rí i, kò tíì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Sájẹ́ǹtì ní ẹ̀rí mìíràn tún wà. Ó yọ ike kan jáde nínú ọ̀rá, omi pupa rúsúrúsú wà nínú rẹ̀. Abẹ́ síǹkì Ìyàwó lòun ti rí i. Ó ti fi bírò kọ MÁJÈLÉ gàdàgbà sára ọ̀rá náà. Abẹ́rẹ́ béèrè ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, Sájẹ́ǹtì ní òórùn rẹ̀ nìkan ti tó.

Abẹ́rẹ́ ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ki ìka ọmọńdinrín bọ̀ ọ́, ó sì tọ́ ọ wò. Kíá ni omi dà lójú rẹ̀.

"Ata ni," ó ní, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ata lílọ̀ àti omi ọṣẹ. Wọ́n ń fọ́n ọn sára ewé kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Bí eléyìí bá jẹ́ májèlé, ìyàwó ẹ ti pa ẹ́ tipẹ́."

Ó ní kó pa ohun tó kọ sára ọ̀rá yẹn rẹ́ kí àwọn tó dé àgọ́.

*

Orí bẹ́ńṣì ni Ìyàwó jókòó sí nínú àtìmọ́lé. Ilẹ̀ dúdú ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Kò sunkún. Inú ń bí òun náà, ìbínú tirẹ̀ sì jinlẹ̀ ju ti Abẹ́rẹ́ lọ, torí pé kò ráyè pariwo. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ òun. Abẹ́rẹ́ ní aládùúgbò wọn tó ń ránṣọ ló mú un sọ́dọ̀, ó sì ti jẹun. Ìgbà yẹn ni èjìká obìnrin náà tó sọ̀kalẹ̀.

Sájẹ́ǹtì gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí Ìyàwó fi ránṣẹ́ sí Oní-táyà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló wà lójú rẹ̀, lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ sọ fún un pé òun máa gba ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé lórí fóònù náà ló ṣe kọ ọ́, kò sí àmì kankan:

Oogun mi ni mo da sinu ogba yen. Ko si eni ti yoo gba a lowo mi ki o je e gbadun.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, mà."

"Kà á fún mi."

Ìyàwó kà á ketekete. "Òógùn mi ni mo dà sínú ọgbà yẹn. Kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi kó jẹ ẹ́ gbádùn."

Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní àná tóun kà á, oògùn lòún kà, gbogbo ẹni tó kà á nínú ilé yẹn náà sì kà á bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kà á, èmi ni mo kọ ọ́," Ìyàwó dá a lóhùn. "Òógùn ni mo wí, èyí tó ń jáde lára èèyàn. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ọdún méjì ni mo fi ń ro ilẹ̀ yẹn. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó bá mi pọnmi sí i rí."

Abẹ́rẹ́ tún wo ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́tà márùn-ún péré, èèyàn sì ti sun orí bẹ́ńṣì mọ́jú torí rẹ̀. Inú bí i débi tó fi dìde tó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan tú èèyàn sílẹ̀. Afurasí wo ló máa sọ pé oògùn lòún kọ? Bí kò bá rí ohun tó lọ́ ewé yẹn, agogo mẹ́rin á lù, àgbàlagbà mẹ́rin á jókòó sí pálọ̀, gbogbo wọn á sì tún kà á bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ó padà wá jókòó, ó ní kí Ìyàwó sọ gbogbo ohun tó wọ inú ilẹ̀ yẹn fóun, láti orí ajílẹ̀.

Ìyàwó ní ìgbẹ́ adìyẹ wà ńlẹ̀, tútù ni wọ́n gbé e wá, ó sì ṣì gbóná. Bí wọ́n bá dà á sídìí irúgbìn báyìí, á jó o. Òun bò ó mọ́ igun kan kó lè dákẹ́ fún oṣù mélòó kan, ibẹ̀ ló ṣì wà. Ajílẹ̀ tí òun ṣe fúnra òun náà wà, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé gbígbẹ, tí òun ń rò pọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ títí ó fi jẹrà tó di ilẹ̀ dúdú tí kò rùn mọ́. Ìyẹn kò ju ti ebè kan lọ, orí ebè kẹfà lòun sì dà á sí. Fún ebè márùn-ún tó kù, òun fẹ́ kí wọ́n ní sùúrù di ìgbà tí òkìtì kejì bá jẹrà. Màmá kọ̀. Màmá ti bá ọlọ́sìn màlúù kan sọ̀rọ̀, ó sì ti sọ fún wọn pé ìgbẹ́ màlúù tòun kì í hu èpò. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Wọ́n ní pàǹtí ni òun ń kó jọ ní tòun.

"Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká gbin ẹ̀wà mẹ́ta sínú ife ná, ká da ìgbẹ́ yẹn mọ́ ọn, ká wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní àwọn ti ń ṣe ìdánwò fún ọmọ ọlọ́mọ kí wọ́n tó bí mi. Ni mo bá dà á síbẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi dà á, mà, mi ò ní parọ́."

Sájẹ́ǹtì yára kọ ìyẹn sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó béèrè bóyá ìgbẹ́ adìyẹ lè ti dàpọ̀ mọ́ ti màlúù láìmọ̀. Kó tó gbọ́ èsì ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ìbéèrè náà dànù. Bó bá ṣe pé ooru ajílẹ̀ ni, etí ewé á pọ́n, á gbẹ, àgbàdo gan-an á sì kọ́kọ́ fojú winá. Àgbàdo kò mira. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń há sí i lọ́fun láti àárọ̀: májèlé wo ló ń bọ̀wọ̀ fún àgbàdo?

*

Ká má purọ́, ó wu Abẹ́rẹ́ kó jẹ́ pé Oní-táyà ló ṣe é. Ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ó gbà lọ, ó sì ń gbàdúrà lójú ọ̀nà pé kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ilẹ̀ ni, ẹni tó fi ẹjọ́ sùn ni, ẹni tó mú fóònù lọ fún ọlọ́pàá ni. Ta ni ọgbà tó kú tún máa ṣe láǹfààní jù ú lọ?

Ọkùnrin náà jókòó sáàárín òkìtì táyà, ó ń jẹ gúgúrú, kò dìde. Ó ní òun kò mọ ohun tí àwọn tún ń wádìí nígbà tí ẹni tó ṣe é ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Abẹ́rẹ́ béèrè ìgbà tó wọ ọgbà náà kẹ́yìn. Ó ní ó ti tó ọdún kan, ilẹ̀ ibẹ̀ ń ba bàtà òun jẹ́.

Abẹ́rẹ́ yọ ewé méjì nínú àpò rẹ̀, ó tẹ́ wọn sórí káńtà. "Èwo ni tòmátì níbẹ̀?"

Ó wò wọ́n títí. Ó nàka sí ewé ẹ̀wà.

Ọkàn Abẹ́rẹ́ rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tí kò mọ ewé ẹ̀wà yàtọ̀ sí tòmátì kò lè fi ọwọ́ yan irúgbìn kọ̀ọ̀kan lórí ebè márùn-ún kó sì fo gbogbo àgbàdo àárín wọn. Bó bá jẹ́ òun ni, á kàn da kẹ́ẹ̀gì kan sórí gbogbo rẹ̀ kó sì lọ sùn ni. Oníwọ̀ra ni, aláìláàánú ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ṣe é.

"Ẹ bá mi dé ibi ìpàdé yín ní agogo mẹ́rin," ó sọ fún un. "Ẹ má pẹ́."

"Ilé bàbá mi ni. Ẹ ò lè pè mí wá síbẹ̀."

"Mo ti pè yín."

*

Ilé ọlọ́sìn màlúù wà lẹ́yìn odi ìlú. Ọkùnrin abikùn kan ni, bàtà rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fi pápá rẹ̀ yangàn fún ẹni tí kò bi í. Ó ní kí Abẹ́rẹ́ wo koríko, kó wò ó dáadáa, ṣé ó rí èpò kan níbẹ̀?

Abẹ́rẹ́ wò ó. Koríko ni láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí ojú lè rí i dé, koríko eléwé tẹ́ẹ́rẹ́, kò sí ewé fífẹ̀ kan péré láàárín rẹ̀. Kò sí tẹ̀tẹ̀ kan, kò sí òdòdó kan tó ṣì ọ̀nà débẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Ó wá yé e pé kò sẹ́ni tó bọ̀wọ̀ fún àgbàdo lórí ebè yẹn. Koríko ni wọ́n dá sí, ìbátan koríko sì ni àgbàdo, ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ní. Ohun tó pa gbogbo eléwé fífẹ̀ nínú pápá yìí ló gba inú màlúù kọjá tó lọ bá tòmátì nínú ọgbà.

"Kí lẹ fi sí pápá yìí?"

"Oògùn koríko ni."

"Kí lẹ sọ fún Màmá Tíṣà nígbà tí wọ́n wá ra ìgbẹ́?"

Ó ní òtítọ́ lòun sọ. Òun ní òun ti fún koríko ní oògùn, kò lè sí èpò nínú ìgbẹ́ ẹran òun. Inú ìyá náà dùn. Wọ́n ní áà, koríko tó lo oògùn ló ń mú ẹran sanra. Òun kò sì jiyàn, torí kò sí ẹni tó ń bá oníbàárà jiyàn.

Abẹ́rẹ́ ní kó gbé ike oògùn náà jáde. Ìwé kan lẹ̀ mọ́ ọn lára, ìdọ̀tí ti bo ìdajì rẹ̀. Ó fi itọ́ nù ún, ó sì kà á sókè: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìgbẹ́ ẹran tó jẹ koríko yìí ṣe ajílẹ̀ fún ewébẹ̀ tàbí òdòdó, bó ti wù kó pẹ́ tó.

"Ta ló ń ka ìyẹn?" ọkùnrin náà béèrè.

"Kò sí ẹlòmíràn tó wá fi ẹjọ́ ìgbẹ́ yìí sùn yín rí?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàtà gbọ́n ilẹ̀. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, ó ní obìnrin olódòdó kan ti wá pariwo lóṣù tó kọjá, pé gbogbo òdòdó òun lọ́. Òun rò pé orí burúkú ló ń bá a jà.

Abẹ́rẹ́ kò pariwo. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ìgbà tó bá dákẹ́ ló yẹ kéèyàn sá. Ó sọ fún un wẹ́rẹ́ pé láti oṣù tó kọjá ló ti mọ̀, ó ń dì í sínú àpò, ó sì ń tà á. Ó ní òun máa padà wá bá a lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú obìnrin olódòdó yẹn, kó má sì wẹ ike náà. Ó ti ń kọjú sọ́nà nígbà tí ọkùnrin náà ń wá ojúure kiri, tó wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

"Màmá yẹn gan-an, wọ́n tún fẹ́ràn ìgbẹ́ náà o. Wọ́n ti kọ́kọ́ wá gba ọ̀rá kékeré kan ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Wọ́n ní ti ìkòkò ata tó wà lójú fèrèsé àwọn ni."

Irin tí kò gbé ìkòkò. Aṣọ tí wọ́n fà bo fèrèsé nínú ooru. Abẹ́rẹ́ wo aago: agogo méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

*

Màmá Tíṣà jókòó lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, gèlè wọn le, ẹ̀yìn wọn tọ́. Kọ́kọ́rọ́ méjì wà lára okùn ọrùn wọn, ti yàrá àti ti ẹnu ọ̀nà ọgbà. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kì í wọ yàrá àwọn. Láti ìgbà tí ọkọ àwọn ti kú, àwọn nìkan ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀.

"Ìyàwó ńkọ́?"

"Kò tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ rí."

"Ìdí tí mo fi fẹ́ wọlé nìyẹn, Màmá."

Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní ṣé àwọn lolè ni. Abẹ́rẹ́ ní rárá, ó sì dúró. Ó dúró títí tí arúgbó náà fi rí i pé kò ní lọ. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yìn àpótí aṣọ ló wà, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé. Abẹ́rẹ́ tú u. Ìkòkò ata kan ni, gbogbo ewé rẹ̀ ti kákò, bákan náà gan-an bí ti ìsàlẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì ojú wọn.

"Ìyàwó kò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí. Ta ló wá fún eléyìí ní májèlé?"

Màmá Tíṣà jókòó sórí ibùsùn.

Abẹ́rẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, pápá, oògùn koríko, inú màlúù. Nígbà tó parí, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ nípa oògùn. Ohun tí àwọn mọ̀ ni pé ata yìí kọ́kọ́ lọ́, nígbà tí wọ́n ti da ìgbẹ́ sórí ebè tán. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni tòmátì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ti rò ó pé ìgbẹ́ yẹn ni, àwọn sì gbé ìkòkò pamọ́.

"Ẹ mọ̀ pé ìgbẹ́ ni, ẹ sì ń wo bí wọ́n ṣe ń mú Ìyàwó lọ."

"Ọmọ mi ló pe ọlọ́pàá. Èmi kọ́."

Ìbínú tí Abẹ́rẹ́ ti ń gbé kiri láti àárọ̀ wá rí ibi tó máa sọ̀ sí. "Màmá, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọdún mélòó lẹ fi kọ́ ọmọ ní àmì ohùn?"

"Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

"Nígbà tí wọ́n fi fóònù yẹn hàn yín, kí lẹ kà níbẹ̀?"

Arúgbó náà wo ilẹ̀. Ohùn wọn ti fẹ́lẹ́.

"Méjèèjì ni mo rí. Mo mọ èyí tó kọ."

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Bí mo bá là á fún wọn, wọ́n á béèrè ohun tó ba ọgbà jẹ́. Ó ti ní ká dán an wò nínú ife. Mo ti fi í ṣẹ̀sín níwájú gbogbo ilé."

Ó wu Abẹ́rẹ́ kó fọ́ nǹkan kan nínú yàrá yẹn. Ṣùgbọ́n ó rọra gbé ìkòkò náà, ó sì gbé e lé Màmá Tíṣà lọ́wọ́. Ó ní àwọn fúnra wọn ni kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀.

*

Ní agogo mẹ́rin, Oní-táyà wà ní pálọ̀, àbúrò bàbá wọn méjì wà níbẹ̀, àti àǹtí kan tó gbé ojú rẹ̀ sókè bí onígbèéraga. Sájẹ́ǹtì mú Ìyàwó wọlé. Wọn kò fún un ní àga, ó dúró sẹ́bàá ògiri.

Màmá Tíṣà gbé ìkòkò ata ka àárín tábìlì. Wọ́n jẹ́wọ́ lórí ìdúró, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni tó ń pe àpèkọ. Àwọn ló yan ìgbẹ́ màlúù. Ìyàwó kìlọ̀ fún àwọn. Ìkòkò àwọn ló kọ́kọ́ lọ́, àwọn sì gbé e pamọ́. Àǹtí sọ ojú rẹ̀ kalẹ̀.

Oní-táyà ló kọ́kọ́ rí ẹnu. Ó ní ó dáa, a gbọ́ ti ìgbẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ ńkọ́? Obìnrin yìí ṣì halẹ̀ mọ́ òun, ó wà nínú ìwé.

Sájẹ́ǹtì ti da ọ̀rọ̀ náà kọ sórí ìwé ẹ̀sùn, láìsí àmì. Abẹ́rẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyàwó ló gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kà á, Màmá. Bí ẹ ṣe máa ń kà á fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ni kẹ́ ẹ kà á."

Màmá Tíṣà fi gíláàsì wọn sójú. Wọ́n mú bírò pupa láti inú àpò búláòsì, èyí tí wọn kò jẹ́ kó kúrò níbẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n fi àmì sórí fáwẹ́lì àkọ́kọ́, wọ́n fi sórí ìkejì, wọ́n fi sórí èyí tó gbẹ̀yìn.

"Dò, mí, dò," wọ́n ní. "Òógùn. Òógùn mi ni mo dà sínú ọgbà yẹn."

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo ọmọ wọn ọkùnrin, wọ́n sì ka ìyókù láìwo ìwé. "Kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi kó jẹ ẹ́ gbádùn."

Oní-táyà fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá gbé fìlà rẹ̀, ó ní òun rò pé ìpàdé ti parí. Abẹ́rẹ́ gba ìwé ẹ̀sùn náà, ó ya á sí méjì, ó sì fi í sápò Sájẹ́ǹtì.

Màmá Tíṣà yíjú sí ìyàwó ọmọ wọn. Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀. Ìyàwó kò jẹ́ kí wọ́n dé ilẹ̀, ó di apá wọn mú. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín sí wọn, kò sì sọ pé kò burú.

"Mo ti gbọ́, Màmá," ó ní. "Inú ṣì ń bí mi, á sì bí mi pẹ́. Àmọ́ láti òní lọ, èmi ni máa yan ajílẹ̀."

Arúgbó náà bọ́ okùn ọrùn wọn. Wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ ọgbà kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì fi í sínú ọwọ́ Ìyàwó, ọwọ́ tí ilẹ̀ dúdú ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.